Apá Òsì Bàbá Ọbanijésù

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹfà, kí n tó fi omi kan ẹnu láàárọ̀, mo ti pa ọ̀kẹ́ kan jagunjagun Ámálékì ní Peckham. Mo to òkú wọn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, débi pé bọ́ọ̀sì ò rọ́nà gbà mọ́, gbogbo ẹyẹlé Rye Lane sì kó ẹrù wọn, wọ́n ṣí lọ sí Stockwell. Ràkúnmí tí mo gbà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èyí tó kúrú jù nínú wọn ń jẹ kọ́tìnnì ojú fèrèsé àjà kẹjọ. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ja gbogbo ìjà yẹn, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi mú fóònù, mò ń kí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ò tiẹ̀ gbọ́ pé mò ń mí hẹlẹ.

Ẹ fẹ́ bi mí pé òkú wọn dà? Àwọn agbálẹ̀ káńsù ti gbá wọn kúrò.

Ṣùgbọ́n bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò ní fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi Malachi ló ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Malachi, ọkọ Tòún. Òun ló fún mi ní yàrá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yìí, tí mi ò ní ju báàgì kan àti ẹnu mi lọ. Mo ní oṣù méjì péré ni mo fẹ́ lò. Ọdún mẹ́rin ni mo lò, kò sì bi mí lọ́jọ́ kan rí pé ìgbà wo ni mò ń lọ. Nígbà tó di Disẹ́ńbà tó kọjá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní ìjókòó ọkọ̀ ló fà á. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ ọn lórí bíréèkì. Wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀ lọ́sibítù, wọ́n bá kókó kan tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Nígbà tí mo máa sọ ọ́ fáwọn èèyàn ní Brockley, ó ti tó àgbọn. Dókítà ní àwọn máa gé e kúrò, iṣẹ́ abẹ odindi ọjọ́ kan ni. Bó bá bọ́ sí i, á tún rìn. Bí kò bá bọ́ sí i, ó lè má rìn mọ́, ó sì lè má jí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ìgbìmọ̀ ogun jókòó ní kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀, táìlì ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Títí dòní, bí òjò bá rọ̀, òórùn símẹ́ǹtì ni a fi ń gbàdúrà. Bàbá Ọbanijésù, wòlíì wa, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló jókòó lórí àga. Oyèníran dúró ti fíríìjì, sẹ́kúríítì ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń sọ lọ́sẹ̀, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ àmín. Sístà Ẹwà tó ń darí akọrin wà níbẹ̀, Tòún wà níbẹ̀, Malachi fúnra rẹ̀ sì fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gún.

Bàbá ní, “Ámálékì ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúrò ní Íjíbítì, Ámálékì ò kọjú sí wọn bí ọkùnrin. Ẹ̀yìn ló gbà wá. Àwọn tó ti rẹ̀, àwọn tó ń wọ́ ẹsẹ̀, àwọn ló ń ṣá balẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn Malachi yìí, ìdílé kan náà ni wọ́n.”

Malachi ní, “Bàbá, láti Disẹ́ńbà ló ti ń gbé lára mi, kò san rẹ́ǹtì, kò sì sọ ọjọ́ tó ń lọ. Mo rò pé Kóyọ̀dé ni.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni Kóyọ̀dé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí mi ò rí níbòmíràn. Bí ọ̀bẹ dókítà bá fẹ́ kan ara ọmọ ìjọ, Bàbá á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù méjì níwájú pẹpẹ, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bíi Mósè lórí òkè ní Réfídímù. Ọkùnrin kan á di apá ọ̀tún mú bíi Áárónì, òmíràn á di tòsì mú bíi Húrì. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ bá wọlé títí tó fi máa jáde, apá yẹn ò gbọdọ̀ wálẹ̀. Bó bá ti wálẹ̀, Ámálékì ń borí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lajú, gbogbo fóònù la máa ń pa. Dókítà ni Jóṣúà tó ń jà ní pápá, bí òun fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti ja irú ogun bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin sì ni aláìsàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá dúpẹ́.

Oyèníran ló ń di apá ọ̀tún mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń di tòsì mú ni Malachi. Tòsì ló le, torí àìsàn ẹ̀gbà kékeré kan kọ lu Bàbá lọ́dún méjì sẹ́yìn, apá òsì náà ò sì lè dá gòkè mọ́. Ó wúwo bí òkú. Ní báyìí, Húrì wa ló ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ta ló máa gba ipò rẹ̀?

Mo ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀ ń wá ẹni tó lágbára, ẹ sì ń wo òrùlé? Èmi Kóyọ̀dé, Agbérù-má-mí-kanlẹ̀, Apá-irin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Èmi tí mo gbé àpò ìrẹsì mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí ọ̀gá mi rò pé ilé ló ń rìn!”

“Àpò méjì ni,” Malachi wí. “Ìkejì sì já.”

Tòún ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Àǹkù Kóyọ̀dé máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, mi ò sọ pé wọn ò dáa. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.”

“Ìyàwó wa,” mo ní, “ṣé èmi lò ń bá wí báyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Àǹkù.”

 Malachi wá ní, “Òun ni mo fẹ́.” Ó nawọ́ sí mi láti orí àga tó wà. “Kóyọ̀dé, gbé ọwọ́ lé Bíbélì.”

Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo búra pé bí mo bá fi apá òsì Bàbá sílẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kúrò lára ọ̀rẹ́ mi, kí apá tèmi gbẹ bí igi. Bàbá ṣe àmín. Oyèníran ṣe àmín, ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́ta.

Nígbà tá a ń lọ, èmi ni mo di Malachi mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró ní ìdajì ọ̀nà. “Ẹ̀rù ń bà mí o,” ó ní. “Tí wọ́n bá ti fún mi lábẹ́rẹ́ oorun, mi ò ní mọ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sùn lọ, mo fẹ́ mọ̀ pé ìwọ lo wà níbẹ̀.”

“Kó o tó jí, irùngbọ̀n mi á ti kanlẹ̀,” mo ní.

Ó wo ojú mi títí, bí ẹni tó ń retí kí n sọ nǹkan mìíràn. Mo tún di apá rẹ̀ mú, a sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Aago mẹ́sàn-án ni ọ̀bẹ yẹ kó wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kúrò nílé ní Brockley lásìkò, bọ́ọ̀sì ló kọ̀ mí sílẹ̀ ní Nunhead, wọ́n ń gbẹ́ títì. Mo bá fẹsẹ̀ rìn. Mo gba inú pápá Peckham Rye kọjá, mò ń to ọmọ ogun lọ́tùn-ún lósì, mò ń pàṣẹ fún igi, mò ń kí àwọn ajá bí olórí ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí mo wọlé, iṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá. Bàbá ti wà lórí búlọ́ọ̀kù, ojú rẹ̀ ti pa dé. Oyèníran wà lọ́tùn-ún, ó rí gbagidi. Lápá òsì, Sístà Ẹwà ló na ìka ẹsẹ̀ dúró, ó ń fi èjìká gbé apá Bàbá, òógùn bò ó. Àwọn mẹ́jọ mìíràn dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Aago mélòó la ní kẹ́ ẹ dé?” Ẹwà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

“Àwọn Ámálékì ló dínà mọ́ mi ní Nunhead. Mo ti pa ẹgbẹ̀ta…”

“Ẹ di apá yìí mú, kẹ́ ẹ pa ẹnu yín dé.”

Mo dì í mú. Mo pa ojú dé.

Wákàtí àkọ́kọ́, orin ni. Mo kọrin débi pé àwọn ará Brockley gbọ́ mi. Ní wákàtí kejì, èjìká mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata. Ní wákàtí kẹta, apá arúgbó yẹn ti wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ, gbogbo ẹrù tí wọ́n ń já ní etíkun Èkó sì wà nínú rẹ̀. Àdúrà ti di kíkùn lásán. A ò mọ bí ogun ṣe ń lọ ní pápá, torí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni. Èémí Bàbá ń lọ, ó ń bọ̀ létí mi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dárúkọ Malachi, bí ẹni tó ń wò ó lójú oorun bóyá ó ṣì ń mí.

Ẹ gbọ́, mo gbìyànjú. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi gbé e, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí aago kan àbọ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n débi pé apá Bàbá ń jó. Mo lajú díẹ̀. Gbogbo ojú ló pa dé. Irin tí máìkì ń dúró lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi ẹsẹ̀ fà á wá jẹ́jẹ́, mo fà á gùn, mo ká aṣọ ìnuwọ́ lé e lórí, mo sì rọra tì í bọ abẹ́ ọrùn ọwọ́ Bàbá. Ó dúró. Mo tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ṣì dúró. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ìlú láìta ọfà. Iṣẹ́jú márùn-ún, mo sọ fún ara mi. Ẹ̀rín tiẹ̀ fẹ́ gbọ̀n mí bí mo ṣe ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá láàárín àwọn tó dojú bolẹ̀.

Mo tọ̀. Mo ra mọ́ọ̀tì kan. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun Sherifdeen ni mo dúró sí láti mu ún, torí ẹ̀rọ atẹ́gùn wà níbẹ̀.

“Balógun!” Sherifdeen kí mi, ó ń fá orí bàbá kan lọ́wọ́. “O ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí?”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Alfa, ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe báyìí?”

“Mo rí i. Ò ń mu mọ́ọ̀tì.”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́. Mo jókòó, mo sì ro fún wọn bí èmi nìkan ṣe gbé apá wòlíì dání láti ìdájí, bí èjìká mi ṣe ń yọ èéfín, bí àwọn áńgẹ́lì méjì ṣe wá bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn gbé díẹ̀, tí mo lé wọn. Àwọn èèyàn ń ya wọlé láti ojú títì. Ẹnì kan ra mọ́ọ̀tì mìíràn fún mi. Mo dìde dúró láti fi bí mo ṣe dì í mú hàn wọ́n, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń fi gbogbo agbára gbé afẹ́fẹ́.

Sherifdeen pa ẹ̀rọ ìgẹrun. “Kóyọ̀dé, dúró ná. Tó o bá wà níbí, ta ló wá di apá ọ̀hún mú?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi ń lu ògiri. Mo gbójú sókè wo aago tó wà lókè dígí. Aago méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì. Irin náà ti yọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti kúrú bí ìdí àga. Apá òsì Bàbá wà lórí itan rẹ̀. Gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ti rin fún òógùn, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ó ń fò sókè, ó ń padà. Ó ti ń gbìyànjú láti dá gbé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbìyànjú. Kò pariwo, kò lajú. Lápá ọ̀tún, Oyèníran ṣì dúró bí òpó, ojú rẹ̀ pa dé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé apá náà sókè. Ó tutù.

“Kóyọ̀dé,” Bàbá ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Bàbá.”

“O ti dé.”

“Mi ò lọ ibì kankan, sà.”

 Láti ìgbà náà lọ, mo di apá yẹn mú bí ẹni tó rì sómi tó rí okùn, ọwọ́ mi ò sì dùn mí mọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ǹ bá ti lè gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní aago márùn-ún àbọ̀, fóònù dún nínú ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹwà sáré lọ gbé e. Ó jáde, ó ń sunkún, ó ń jó. “Wọ́n ti parí! Ó wà láàyè! Malachi wà láàyè!” Ariwo tí a pa, ẹ bi òrùlé wa. Oyèníran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè ká apá kò, àwọn obìnrin méjì ló ń fún un ní ìrẹsì jẹ bí ọmọ.

Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó di apá mú wá jẹ́rìí. Oyèníran ní, “Ẹ ṣé,” ó sì jókòó. Ni mo bá gba máìkì. Mo lè dákẹ́ o. Mo lè ṣe bíi ti Oyèníran. Ṣùgbọ́n ìjọ ń pàtẹ́wọ́, nǹkan kan tó ti wú nínú mi láti aago méjì ààbọ̀ sì ń wá ọ̀nà jáde, ẹnu ni mo sì mọ̀ pé nǹkan ń gbà jáde.

“Wákàtí mẹ́jọ!” mo pariwo. “Mi ò mira! Eṣinṣin bà lé mi nímú, ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, wọ́n ṣègbéyàwó, mi ò mira! Ámálékì rán ogójì lára wọn wá fi ọ̀kọ̀ gún mi lápá, ọ̀kọ̀ kán! Apá Bàbá ò wálẹ̀ tó ìbú irun orí kan!”

Wọ́n ń ké halelúyà. Bàbá ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni mo rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń bọ̀ wá síwájú láti ìjókòó dé ìjókòó. Tòún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà Malachi wà nínú rẹ̀.

“Ìyàwó wa!” mo ní. “Ìyá ogo! Wá bá wa jó!”

“Àǹkù Kóyọ̀dé,” ó ní, “aago mélòó lẹ padà dé?”

“Padà láti ibo?”

“Kẹ́ ẹ tó dé láàárọ̀, mo bẹ Sístà Ẹwà pé kí wọ́n bá mi gbé fóònù kan sórí kíbọ́ọ̀dù, kí fídíò rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi jókòó lọ́sibítù. Mo kàn fẹ́ máa wò yín.” Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti ní kó má pariwo láti àárọ̀. “Mo rí i tẹ́ ẹ gbé irin yẹn sábẹ́ apá Bàbá. Mò ń pè yín nínú fóònù yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Mo rí i tí irin yẹn ń lọ sílẹ̀. Mo rí Bàbá. Lẹ́yìn náà bátìrì mi kú.”

Ẹwà fọwọ́ bo ẹnu.

“Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ ní aago méjì, wọ́n jà kó tó dúró. Ó ti lajú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò tíì mira, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó máa mira.” Ó gbé báàgì náà mọ́ àyà. “Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, Àǹkù. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀. Ní aago méjì, ṣé ẹ ti padà dé?”

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé irọ́ ò wọ́n mi rí. Mo wá ọ̀kan, mi ò rí.

“Dá a lóhùn, ọmọ mi,” Bàbá ní. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

Oyèníran dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, apá rẹ̀ méjèèjì ṣì nà gbọnrangandan níwájú rẹ̀. Mo ju máìkì sílẹ̀. Ó dún sí gbogbo èèyàn létí bó ṣe balẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbà, mo fò kọjá lórí àga, mo fi èjìká gbá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, mo bọ́ sójú títì. Oòrùn ṣì wà, àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo sáré gba àárín wọn kọjá.

Tòún ti yípo gba iwájú, ó ti yọ sójú títì lẹ́yìn mi. Kò lé mi, kò sì bú mi. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọkọ rẹ̀, ó ń béèrè títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀:

“Àǹkù! Aago mélòó ni?”